Ike Kọkànlá, Ike Kejìlá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ìgbẹ́ èèyàn. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, n óò ní láàbù ni mo wà, n óò sì yára yí ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń ṣe gan-an nìyẹn lọ́dún 1994, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Bàrígà wọ Àkọkà. Wọ́n á gbé e wá fún mi nínú ike kékeré, n óò fi igi tín-ín-rín mú díẹ̀ níbẹ̀, n óò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, n óò pa á láró, n óò wá tẹ ojú mọ́ maikirosikóòpù. Bí kòkòrò tí à ń wá bá wà níbẹ̀, yóò mu aró pupa, gbogbo nǹkan tó kù yóò sì di búlúù. N óò ka àwọn pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò kọ iye wọn sínú ìwé.

Kòkòrò yìí kì í ṣe aràn tí ojú lásán lè rí. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè gbé e mì pẹ̀lú omi lónìí, kí ó yàgbẹ́ gbuuru fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn kògbóògùn bá ti jẹ agbára ara rẹ̀, kòkòrò náà kì í fi onítọ̀hún sílẹ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ ìfun rẹ̀, yóò máa bí sí i, ẹni náà yóò sì máa sáré lọ sílé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, títí tí ṣòkòtò kò fi ní lè dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Nígbà náà, a ò ní oògùn kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń pa á.

Ohun tó mú Dókítà Adébọ̀dé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ nìyẹn. Oògùn tuntun kan ti dé láti òkè òkun, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ogójì èèyàn ló gbà wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kó wọn jọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìwòsàn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Gbogbo yín lẹ máa gba ike oògùn," ó ní. "Nínú ike àwọn kan, oògùn gidi ló wà níbẹ̀. Nínú ti àwọn yòókù, ìyẹ̀fun lásán tí wọ́n tẹ̀ bíi hóró oògùn ni. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, ẹnu ò lè tọ́ ọ mọ̀. Èmi fúnra mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì ò mọ̀. Sabina tó ń wo ìgbẹ́ yín náà ò mọ̀. Ohun tó wà nínú ike kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a ó ṣí i. Bí oògùn náà bá dára, gbogbo ẹni tó bá gba òfìfo ni a ó fún ní gidi. Ẹni tí kò bá sì fẹ́, kò sí ìjà."

Ọkùnrin kan nawọ́ sókè. "Dókítà, kí ló dé tí ẹ ò kúkú fún gbogbo wa?"

"Torí pé mi ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fún gbogbo yín, tí ara àwọn kan wá yá, kí ni n óò fi mọ̀ pé oògùn ló ṣe é, tí kì í ṣe pé ara wọn kàn rọ̀?"

Ọkùnrin náà mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò wọlé. Mahmood ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, Táwà, jókòó tì í. Àwọn méjèèjì ló ní àrùn náà, àwọn nìkan sì ni tọkọtaya tó wà nínú ìwádìí wa. Nọ́ọ̀sì Oyèbísí pè wọ́n, ó fún ọkọ ní ike kọkànlá, ó fún ìyàwó ní ike kejìlá, ó sì ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó sọnù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Mahmood. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá rẹ̀, ilé tó ti jáde wá sì rò pé akọ̀wé lòun náà máa dà. Ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wọ̀ ọ́ lára. Ó kọ́ṣẹ́, ó wá fi Ṣómólú ṣe ilé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Tàdáwà kì í kúrò ní abẹ́ èékánná rẹ̀. Táwà ní tirẹ̀ jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bàrígà. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí, Kausarat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí àìsàn náà wọlé, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá Táwà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ibẹ̀ súnmọ́ ilé kéú.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí àwọn ayálégbé rí i pé tọkọtaya náà ń lọ ń bọ̀, tí wọ́n sì ń rù, wọ́n fi àgádágodo sí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ obìnrin kan ní yàrá iwájú. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń lé, tó tún ní láti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí obìnrin kan kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mahmood ni kì í kúnlẹ̀. Ó ra páànù àti pákó, ó ya igun kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn fèrèsé wọn, ó gbẹ́ ihò síbẹ̀, ó sì kọ ilé ìgbẹ́ tiwọn. Ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kan òrùlé rẹ̀ tán. Èèyàn tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe ni. Bí nǹkan bá ti dúró síbi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní lè sùn.

Mo mọ gbogbo èyí torí pé ẹ̀bá Fádèyí ni mo ń gbé nígbà náà. Ilé wọn wà lọ́nà mi, nítorí náà èmi ni mo ń gba ìgbẹ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Tuesday.

Ìwádìí náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ epo fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ìlú gbóná. Ìjọba ológun ò fẹ́ gbọ́, àwọn èèyàn náà ò fẹ́ dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń sun táyà lójú títì Ìkòròdú, èéfín rẹ̀ á bọ́ sínú ilé wa, aṣọ tí mo sá á dúdú. Ọkọ̀ ò sí. Mo ń fẹsẹ̀ rin láti Fádèyí gba inú Ṣómólú, n óò já sí Ladi-Lak, n óò wá gba ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Bí mo bá gbúròó ìbọn lọ́nà, n óò wọ inú ilé ẹni tí mi ò mọ̀ rí, n óò jókòó tì wọ́n títí tí ọkàn mi yóò fi wálẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń rò pé ìgbẹ́ tí mo kó sínú àpò yóò bàjẹ́ kí n tó dé láàbù.

Kẹrosíìnì náà wọ́n bí ojú. Ìyẹn sì burú fún àwọn aláìsàn wa, nítorí àṣẹ àkọ́kọ́ tí dókítà pa ni pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí iná sè é mọ́. Mahmood rọ́gbọ́n dá. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó kó àjákù bébà tí wọ́n ń gé dànù létí ìwé, ó kó o sínú àpò ìrẹsì méjì, ó ń fi í dáná nínú agolo ńlá kan. Omi wọn máa ń run èéfín, ṣùgbọ́n ó ń hó.

Ó tún ṣe nǹkan mìíràn. Nọ́ọ̀sì ti ní kí oníkálukú máa sàmì sí iye ìgbà tó bá yàgbẹ́. Àwọn yòókù ń fa ilà sára ògiri tàbí sẹ́yìn ìwé àtijọ́. Mahmood tẹ tirẹ̀ lórí bébà funfun nínlá, ó pín in sí àpótí àpótí, ó fi tàdáwà aláwọ̀ ewé tẹ ti ara rẹ̀, ó fi pupa tẹ ti Táwà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti wọlé, bébà náà ni yóò kọ́kọ́ rí. Òun náà ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ti Mahmood ti ń wálẹ̀. Láti mẹ́sàn-án lóòjọ́, ó di márùn-ún. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó di mẹ́ta. Ti Táwà ò mì. Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án. Nínú maikirosikóòpù pẹ̀lú, ohun kan náà ni mo rí: àwọn pupa ti dín kù nínú ti ọkọ, wọ́n kún inú ti ìyàwó.

"Sístà," Mahmood bi mí lọ́jọ́ Tuesday ọ̀sẹ̀ kẹta náà, "tèmi ni gidi, àbí?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá Kausarat. Bí mo bá tiẹ̀ mọ̀, mi ò lè sọ."

"Ẹ wo ilẹ̀kùn yẹn. Kí ló tún kù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?"

Táwà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú kọ ògiri. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Sístà sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, oòrùn ti ń mú." Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Mo rí egungun èjìká rẹ̀ láti inú aṣọ.

Nígbà tí mo padà dé ní Tuesday tó tẹ̀ lé e, nǹkan ti yí padà. Táwà jókòó, ó ń mu ògì. Ó ní láti àná, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lòun lọ. Mahmood ní tirẹ̀ ń di ikùn mú, ẹ̀ẹ̀méje ló ti lọ. Ní láàbù, mo ka ti Táwà, mo rí mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lé ní àádọ́ta. Mo tún un kà. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe, pé mo fi orúkọ ọ̀kan sórí ìkejì. Mo mú gíláàsì mìíràn, mo tún un pa láró. Bákan náà ni. Ti Mahmood sì ti gòkè.

Mi ò lè jókòó lọ́jọ́ náà. Mo dìde, mo fọ gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún jókòó. Irú àìsàn yìí máa ń lọ sókè sódò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan lọ sókè tí ìkejì wá sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Ní Tuesday tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, mo bá Táwà lẹ́yìn ilé tó ń fọ aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo wọlé. Mahmood dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ wo pupa yẹn bó ṣe wálẹ̀, Sístà. Mo mọ̀ pé ó máa wálẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó wo fèrèsé, ó gbọ́ pé Táwà ṣì ń bu omi. Ó ní, "Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má pariwo."

Ó wá sọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó parí ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí Táwà lọ wẹ̀, ó da hóró inú ike méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kó ti kọkànlá sínú ike kejìlá, ó kó ti kejìlá sínú ike kọkànlá. Hóró wọn jọra bí ìbejì. Táwà ò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, oògùn ọkọ ni ìyàwó ń mu.

"Bàbá Kausarat!" mo ní. "Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo ti gbádùn tèmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tó. Ọmọbìnrin kan la bí, Sístà. Ìyá ni ọmọbìnrin nílò. Bí ọ̀kan nínú wa bá máa kù, kí ó jẹ́ ìyá rẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti ba ìwádìí jẹ́? Bí dókítà bá gbọ́, ó lè yọ ẹ̀yin méjèèjì."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní sọ fún un." Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ẹ jẹ́ kó pé. Tí wọ́n bá ṣí àpòòwé wọn, wọ́n á fún mi ní gidi, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹ bá mi fi Ọlọ́run búra."

Mi ò búra. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé n óò sọ fún dókítà, ohun tí dídákẹ́ mi wí fún un sì yé àwa méjèèjì. Mo gbé ike ìgbẹ́ wọn, mo jáde. Táwà kí mi pé ó dàbọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Ọjọ́ Wednesday, mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Dókítà Adébọ̀dé, mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mo yí padà. Ọjọ́ Thursday, mo wọlé. Ó gbójú sókè, ó ní, "Sabina, kí ló dé?" Mo ní aró pupa ti fẹ́ tán. Ó ní ọ̀rọ̀ aró pupa kì í jẹ́ kí ojú èèyàn rí bẹ́ẹ̀. Mo jáde. Bí mo bá ń rìn lọ sílé, n óò ṣàdédé rí i pé mo ti kọjá àdúgbò wa. Mo ń dá ara mi lẹ́jọ́, mo sì ń gba ara mi sílẹ̀. Bí mo bá sọ, wọ́n lè gba oògùn lọ́wọ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Bí mi ò bá sọ, àwọn nọ́ńbà tí mò ń kọ sínú ìwé ń parọ́ lábẹ́ orúkọ mi, ọkùnrin kan sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Ọjọ́ Friday, wọ́n yìnbọn ní Fádèyí, mi ò lè jáde nílé rárá. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ka páànù òrùlé.

Ní àárọ̀ Saturday, Táwà fúnra rẹ̀ rìn wá sí láàbù. Ó di ara ilẹ̀kùn mú. Ó gbé ike kékeré kan lé mi lọ́wọ́.

"Sístà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Láti àná. Mi ò sọ fún Bàbá Kausarat, kí ọkàn wọn má baà dàrú."

Mo fún un ní àga. Mo pa ìgbẹ́ náà láró, mo tẹ ojú mọ́ maikirosikóòpù. Mẹ́fà ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo kà á tán, mo tún un kà. Bí ike kọkànlá bá jẹ́ gidi, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti ń mu ún. Ṣe ló yẹ kí wọ́n máa tán lọ. Kí ló dé tí wọ́n ń pọ̀?

Mo ní kí Táwà dúró dè mí. Mo sáré wọ ọ́fíìsì dókítà, mi ò kan ilẹ̀kùn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí.

Ó tẹ́tí sí mi. Kò pariwo. Ó pe Nọ́ọ̀sì Oyèbísí kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó ṣí àpótí irin, ó mú àpòòwé méjì jáde, ó kọ ọjọ́ àti àkókò sí wọn lára, ó buwọ́ lù wọ́n, ó sì ya wọ́n.

"Ike kọkànlá," ó ní, "òfìfo." Ó wo ìkejì. "Ike kejìlá, oògùn."

Nọ́ọ̀sì Oyèbísí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣùgbọ́n ara Mahmood yá, sà," mo ní. "Mo rí i. Mo kà á."

"Ó ń se omi. Kò jẹun níta mọ́. Ara ẹlòmíràn a sì máa rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìnídìí. Oògùn Táwà pẹ́ kó tó jà. Ìgbà tó máa jà gan-an ni ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lára Mahmood náà, kò tíì tó àkókò tó máa jà." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ọjọ́ mélòó lo ti mọ̀?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ọjọ́ mẹ́rin ni obìnrin yẹn fi mu ìyẹ̀fun, tí o sì mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀."

"Mo rò pé gidi ló ń mu, sà."

"Gbogbo wa la ro nǹkan kan. Ìdí tí a fi lẹ àpòòwé pa nìyẹn, Sabina." Ìbá ti dára kó kúkú bú mi.

Àwa mẹ́ta la jọ rìn lọ sí Ṣómólú, dókítà, Táwà àti èmi. Dókítà rọra ń rìn nítorí Táwà. Kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó ní iwájú ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó ti gbọ́. Ní Ladi-Lak, a dúró kí ọkọ̀ ṣọ́jà kan kọjá. Táwà bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní kó máa bọ̀.

Nígbà tí a wọlé, Mahmood gbìyànjú láti dìde fún dókítà. Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀ pé mo ti sọ.

Dókítà jókòó sórí àpótí, ó sọ ọ́ ní kúkúrú. Kí Mahmood tó fọwọ́ kan àwọn ike náà, ike ìyàwó rẹ̀ ni oògùn wà. Ìyẹ̀fun ló wà nínú tirẹ̀.

Mahmood wo bébà ara ilẹ̀kùn, ó ń wò ó bí ẹni tí ò mọ ìwé kà.

Táwà ló sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀, "ẹ̀yin" ló máa ń pe ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ lo jókòó, ìwọ lo rò ó, ìwọ lo ṣe é," ó ní. "Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti kú ni?"

"Táwà, mo fẹ́ kí o yè."

"O ò bi mí."

"Bí mo bá bi ọ́, o ò ní gbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! O mọ̀ pé mi ò ní gbà. O mọ̀ ọ́n, o sì ṣe é." Ó bọ́ sí àárín ilé, ó di igun tábìlì mú. "Bí oògùn yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ tìrẹ, Mahmood, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òfìfo ni tèmi lóòótọ́, o ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ikú rẹ kó o wá gbé e lé mi lórí. Báwo ni n óò ṣe gbé e? Kí ni n óò sọ fún Kausarat? Pé mo mu bàbá rẹ̀ pẹ̀lú omi?"

Nígbà náà ni Mahmood sunkún. Dókítà yíjú sí fèrèsé. Èmi ò mọ ibi tí n óò wò.

Ó pẹ́ kí Táwà tó jókòó. Ó wá nawọ́ sí dókítà. "Ẹ fún mi ní tèmi." Dókítà gbé ike tuntun tó ní nọ́ńbà kejìlá fún un, Táwà sì ṣí i níwájú gbogbo wa, ó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Ó béèrè pé, "Òun ńkọ́?"

Dókítà ní àwọn méjèèjì ti jáde kúrò nínú ìwádìí. Wọn ò lè ka nọ́ńbà wọn mọ́ ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó lé wọn dànù. Ẹni méjì nínú àwọn tó gbà wọlé ti kú, oògùn wọn ṣì wà nílẹ̀. Yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí náà, kí wọ́n jẹ́ kó ṣí àpòòwé àwọn tó kú náà, kó lè mọ èyí tó jẹ́ gidi, kó sì fún Mahmood ní gbangba. Kò sí ọkọ̀ tó máa gbé lẹ́tà, fóònù ò sì lọ. Dókítà Adébọ̀dé fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ gbé e lọ ní Monday, ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàtà tó ti ya. Wọ́n gbà.

Èmi náà kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé, mo buwọ́ lù ú. Dókítà ò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ó ń mú gíláàsì kan nínú mẹ́wàá tí mo bá kà, á tún un kà fúnra rẹ̀. Mi ò bínú sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Táwà ò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń fi àjákù bébà dáná, ó ń se omi, ó ń jẹ́ kó tutù, ó ń gbé e fún un, kò sì ní sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo bá wọn tí wọ́n ń jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Oògùn náà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára Táwà. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì fi parí ní oṣù kẹsàn-án, nínú ìgbẹ́ rẹ̀, mo ń wá pupa títí ojú mi á fi máa ro mí, n óò rí ọ̀kan, tàbí kí n má rí rárá. Ó padà sí kíláàsì rẹ̀ nígbà tí ilé ìwé wọlé. Ti Mahmood ò dára tó bẹ́ẹ̀. Agbára ara rẹ̀ ti tán ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ nígbà tí oògùn fi kàn án. Ó rọ̀ díẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń jókòó ti ẹ̀rọ dípò kó dúró.

Nígbàkígbà tó bá rí mi, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí. "Sístà, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ṣé ó ti ba nǹkan jẹ́ lára Táwà?"

N óò ní, "Rárá o, Bàbá Kausarat. Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn."

Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí, òun náà á mi orí, á sì tún bi mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó kú nínú ààwẹ̀ ọdún 1995, ní ọ̀sán. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n gbé e lọ sin lọ́jọ́ náà. Àwọn ayálégbé tó ń ti ilé ìgbẹ́ mọ́ ọn wá kí Táwà. Ó dá wọn lóhùn, ó sì gbé àga fún wọn.

Ìwádìí náà parí. Èèyàn méjìdínlógójì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí wọ́n fa igi lé kọkànlá àti kejìlá. Àwọn tó mu oògùn gidi tí ara wọn ṣì ní agbára díẹ̀ rí ìtura. Àwọn tí agbára wọn ti tán, kò ṣe wọ́n ní nǹkan púpọ̀. Ohun tí a rí nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé ti wọ ìsinmi, Táwà kó ẹrù rẹ̀. Ó ti gba ìyípadà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí òun àti Kausarat lè jọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo bá a gbé àpò kan dé títì. Oòrùn mú, a dúró lábẹ́ òjìji ìsọ̀ kan.

Mo bi í bóyá ó ti dárí ji Mahmood. Mi ò mọ ohun tó gbé ìbéèrè náà sí mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí nínú.

"Mo ti dárí jì í tipẹ́," ó ní. "Kó tó kú ni mo ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí i, Sístà. Lójoojúmọ́. Bí mo bá jí, tí inú mi ò run mí, n óò kọ́kọ́ dúpẹ́, lẹ́yìn náà n óò bá a jà."

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́ mẹ́rin tèmi. Mo la ẹnu. Ọkọ̀ dé, kọ́ńdọ́ ń pariwo, èèyàn ń ti ara wọn. Táwà gba àpò lọ́wọ́ mi, ó fi èjìká là wọ́n kọjá, ó rí àyè jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ bá mi kí dókítà," ó ké sí mi.

Mo ní yóò gbọ́. Ọkọ̀ náà lọ. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo wá rántí pé ìgbẹ́ aláìsàn mẹ́ta ṣì ń dúró dè mí ní láàbù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn.